Ìràwọ̀ Tuntun Ọdún 1572

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, kò ní pẹ́ tí olúkúlùkù wa yóò fi dúró níwájú kíláàsì. Ní ọjọ́ kan, ọmọdé kan yóò dìde, yóò sì wí pé, "Tíṣà, ohun tí mo rí kò bá ti inú ìwé mu." Kí ni a ó fi dá a lóhùn? Ẹ jẹ́ kí a kọ́ èsì náà lọ́dọ̀ Tycho Brahe, ará ilẹ̀ Dẹ́nímákì, ẹni tí irú ọ̀ràn yìí bá.

Ní ìgbà ayé rẹ̀, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga ilẹ̀ Yúróòpù ń kọ́ni ní ohun tí Aristotle, ọlọ́gbọ́n ará Gíríìkì, ti fi lélẹ̀ ní nǹkan bí 1,900 ọdún ṣáájú: pé ohun tí ó wà nísàlẹ̀ òṣùpá nìkan ni ó ń yí padà, ṣùgbọ́n pé ọ̀run àwọn ìràwọ̀ kò yí padà rí, kò sì lè yí padà láé.

Ní alẹ́ ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá ọdún 1572, Tycho, ẹni ọdún 25, ń bọ̀ wá jẹun ní Herrevad. Ó gbójú sókè, ó sì rí ìràwọ̀ kan láàrin àwọn ìràwọ̀ tí a ń pè ní Cassiopeia, níbi tí kò sí ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ó mọ́lẹ̀ tó bí àgùàlà. Kò gba ojú ara rẹ̀ gbọ́. Ó bi àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ léèrè, ó sì bi àwọn ará oko tí ń kọjá lọ. Gbogbo wọn ni ó rí i.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó kù: ṣé ìsàlẹ̀ òṣùpá ni ó wà, tàbí òkè rẹ̀? Bí ó bá jẹ́ ìsàlẹ̀, ẹ̀kọ́ Aristotle dúró. Bí ó bá jẹ́ òkè, ó wó. Ṣùgbọ́n báwo ni a ṣe ń wọn ibi tí okùn kò lè dé?

Na àtàǹpàkò rẹ síwájú. Di ojú òsì, kí o fi ọ̀tún wò ó. Lẹ́yìn náà di ọ̀tún, kí o fi òsì wò ó. Yóò dà bí ẹni pé àtàǹpàkò náà yẹ̀ lára ògiri. Ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọ̀pẹ tí ó wà lókèèrè, kò ní yẹ̀. Ohun tí ó súnmọ́ni ni ó ń yẹ̀. Ohun tí ó jìnnà a dúró gbọn-in. Yíyí tí ayé ń yí ní òru ń gbé wa láti ibì kan dé ibòmíràn, gẹ́gẹ́ bí láti ojú kan sí èkejì. Nítorí náà òṣùpá lè yẹ̀ láàrin àwọn ìràwọ̀ ju ìbú ara rẹ̀ lọ. Tycho mú irinṣẹ́ onígi tí òun fúnra rẹ̀ ṣe, ó wọn àlàfo tí ó wà láàrin ìràwọ̀ náà àti àwọn aládùúgbò rẹ̀, ó sì tún un wọ̀n lọ́pọ̀ ìgbà bí òru ti ń lọ. Kò yẹ̀ rárá. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Thomas Digges wọ̀n ọ́n pẹ̀lú, bákan náà ni ó rí. Òkè òṣùpá ni, ní ọ̀nà jíjìn réré. Ọ̀run ti yí padà.

Tycho tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní ọdún 1573, síbẹ̀ kò dẹ́kun ìṣọ́. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ bí ìràwọ̀ náà ti hàn ní ọ̀sán gangan, bí ó ti funfun, tí ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, tí ó sì pupa, títí ó fi parẹ́ ní oṣù Kẹta ọdún 1574.

Tycho rò pé ìràwọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni. Ó ṣìnà nínú èyí, nítorí ikú ìràwọ̀ ni ó rí, kì í ṣe ìbí rẹ̀. Òkú ìràwọ̀ kan wà, tí iná inú rẹ̀ ti tán, tí ó sì súnkì tó bẹ́ẹ̀ tí ohun tí ó tó oòrùn fi há sínú èyí tí kò ju bí ayé ti tóbi tó. Ó ń gba ẹrù kún ẹrù lọ́wọ́ ìràwọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ títí ó fi bú gbàmù. Irú èyí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní supernova.

Báwo ni a ṣe mọ̀? Ní ọdún 1945, Walter Baade ní Amẹ́ríkà fi àkọsílẹ̀ Tycho mọ bí ìmọ́lẹ̀ náà ti ń dínkù, ó sì ti ipa bẹ́ẹ̀ mọ irú ìbúgbàmù tí ó jẹ́. Ní ọdún 2008 ẹ̀rí mìíràn dé. Bí a bá kígbe lẹ́bàá òkè, ohùn wa a lọ kọ lù ú, a sì padà wá. Bẹ́ẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ tí ó gba ọ̀nà mìíràn ní ọjọ́ wọ̀n-ọn-nì ti lọ kọ lu ìkùukùu eruku lójú ọ̀run, tí ó sì dé ọ̀dọ̀ wa ní 436 ọdún lẹ́yìn ti àkọ́kọ́. Àwọn onímọ̀ fi awò ńlá gbà á, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì bá ọ̀rọ̀ Baade mu.

Ẹ kíyèsí i: èrò Tycho kò dúró, ṣùgbọ́n ìwọ̀n rẹ̀ dúró. Nítorí náà, bí ọmọdé náà bá dìde, ẹ má ṣe wí fún un pé, "Jókòó, ìwé kì í ṣìnà." Ẹ má sì ṣe yára ju ìwé nù. Ẹ bi í bí àwọn ẹlòmíràn bá rí i pẹ̀lú. Ẹ jẹ́ kí ó wọ̀n ọ́n, kí ó tún un wọ̀n, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.