Ibùwọ̀ Àlejò

Àwọn àgbà a máa wí pé àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ẹni tí ó bá ti sùn mọ́jú rí ní ìlú tí kò ní ará tàbí ojúlùmọ̀ nínú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà yé jù. Ó lè rí ilé kan tí a kùn ní ọ̀dà funfun, tí iná ń tàn yòò lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, kí ó sì sanwó wọ ibẹ̀. Ìgbà tí ó bá bọ́ aṣọ tán tí ó fẹ́ wẹ̀ ni yóò mọ̀ pé omi kò sí nínú ẹ̀rọ. Ìgbà tí ilẹ̀ bá sì mọ́ ni yóò gbọ́ pé ibi tí ó torí rẹ̀ wá wà ní òdìkejì ìlú pátápátá. Nítorí náà ni ó fi yẹ kí ẹni tí ń rìnrìn-àjò ti ṣe ètò ibùwọ̀ rẹ̀ kí ó tó gbéra nílé. Ìlọrin ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ìlú náà ti ń gba àlejò tipẹ́tipẹ́ kí òtẹ́ẹ̀lì tó dé ilẹ̀ wa.

Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Ìlọrin ni oríta tí àwọn oníṣòwò Òkè Ọya àti àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Yorùbá ti ń pàdé. Àwọn Gàmbàrí a máa kó ẹṣin, kán-ún, awọ àti aṣọ wá láti ilẹ̀ Hausa. Wọn a sì máa kó ẹrú wá pẹ̀lú, nítorí pé ayé òwò ẹrú ni ayé ìgbà náà. Àwọn ará ìsàlẹ̀ a máa gbé obì, iyọ̀ àti ọjà òyìnbó tí ó gba èbúté wọlé gòkè wá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn èrò láti Òkè Ọya kì í kọjá Ìlọrin. Ibẹ̀ ni wọn ń tà, ibẹ̀ ni wọn ń rà, kí wọn tó padà sẹ́yìn. Àdúgbò Gàmbàrí tí ó wà nínú ìlú náà títí di òní kò ṣàì rán ni létí àwọn àlejò wọ̀nyí.

Níbo ni irú àwọn èrò bẹ́ẹ̀ ń sùn? Onílé kan ni olúkúlùkù wọn ń wọ̀ sí lọ́dọ̀, ẹni tí àwọn Hausa ń pè ní maigida. Onílé yìí yóò fún àlejò ní yàrá, yóò fi ibi tí yóò so ẹran rẹ̀ mọ́lẹ̀ hàn án, yóò bá a kó ẹrù rẹ̀ pamọ́, yóò sì máa fún un ní oúnjẹ. Kì í béèrè owó yàrá. Inú ọjà ni èrè tirẹ̀ wà. Òun ni yóò wá oníbàárà fún àlejò rẹ̀, òun ni yóò ṣe ògbufọ̀ bí wọn kò bá gbọ́ èdè ara wọn. Nígbà tí ọjà bá sì tà, yóò gba owó alágbàtà. Bí a bá ra ọjà láwìn, òun ni onígbọ̀wọ́. Bí oníbàárà bá sá lọ láìsanwó, ọrùn onílé ni gbèsè náà ń wọ̀, nítorí èyí kì í fi ọjà àlejò rẹ̀ lé ẹni tí kò mọ̀ dáadáa lọ́wọ́.

Ẹ kíyè sí i pé ètò ibùwọ̀ àlejò ayé àtijọ́ ti wà nílẹ̀ kí ó tó fi ẹsẹ̀ kan ọ̀nà. Ẹni tí ń ti Kánò bọ̀ ti mọ orúkọ onílé tí òun yóò béèrè ní ẹnubodè, bóyá nítorí pé bàbá rẹ̀ tàbí ọ̀gá rẹ̀ ti wọ̀ síbẹ̀ rí. Ẹni tí kò bá ní onílé wà nínú ewu. Ogun ń jà káàkiri ní ìgbà náà, àlejò tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ sì lè dàbí amí ọ̀tá lójú ará ìlú. Ta ni yóò jẹ́rìí rẹ̀?

Ní ọdún 1867, ará Jámánì kan gba Ìlọrin kọjá. Gerhard Rohlfs ni orúkọ rẹ̀, ẹ̀bá Bremen ni a sì bí i sí. Tripoli, ní etí òkun àríwá Áfíríkà, ni ó ti gbéra ní ọdún 1865. Ó la aṣálẹ̀ já dé Bornu, ó tọ ipa odò Bẹ́núé dé odò Ọya, kí ó tó dé Ìlọrin, kí ó sì tó gba ọ̀nà Ìbàdàn lọ sí Èkó. Kò sí òtẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo lórí gbogbo ọ̀nà yìí láti Bornu wá. Irú àlejò bẹ́ẹ̀ kò ní ibòmíràn tí yóò fi orí lé bí kò ṣe ibi tí ọba tàbí onílé kan bá fi í wọ̀ sí.

Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé Ìlọrin ní ọdún 1908, nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí yípadà. Ìjọba àwọn òyìnbó kọ́ rẹ́sì-háùsì sí àwọn ìlú ńlá fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ tí ń rìn kiri. Ní ọdún 1967 ni a dá ìpínlẹ̀ tí ó wá ń jẹ́ Kwara sílẹ̀, Ìlọrin sì di olú-ìlú rẹ̀. Ní ọdún 1975 a tún dá Yunifásítì Ìlọrin sílẹ̀. Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ ìjọba àti ọ̀ràn ìwé ti ń fa àlejò wá sí ìlú náà bí ọjà ti ń fà wọ́n ní àtijọ́. Ìjọba ìpínlẹ̀ ní Kwara Hotel ní GRA, àwọn aládàáni sì kọ́ tiwọn káàkiri ìgboro, ní pàtàkì ní Tanke àti Fate.

Ṣùgbọ́n òtẹ́ẹ̀lì kì í ṣe maigida. Onílé àtijọ́ ní ìdí tí ó fi gbọ́dọ̀ tọ́jú àlejò rẹ̀, nítorí pé bí ọjà àlejò kò bá tà, ọwọ́ onílé ṣófo. Òtẹ́ẹ̀lì ti gba owó tirẹ̀ kí àlejò tó tú ẹrù. Bí àlejò bá rí iṣẹ́ tí ó wá, bí kò bá rí i, kò kàn án. Ohun tí àlejò kò bá béèrè kí ó tó sanwó, kò sí ẹni tí yóò bá a béèrè rẹ̀.

Ohun tí àlejò bá fẹ́ ṣe ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ rò, kí ó tó ro ilé tí yóò sùn. Ká ní ọmọ ilé-ìwé kan àti bàbá rẹ̀ ń ti Ìjẹ̀bú-Òde bọ̀ nítorí ọ̀ràn ìwọlé sí Yunifásítì. Ọgbà ńlá ilé-ẹ̀kọ́ náà wà lẹ́yìn odi ìlú ní ọ̀nà Tanke. Bí wọn bá wọ̀ sí Tanke, wọn yóò dé ibẹ̀ ní òwúrọ̀ pẹ̀lú owó ọkọ̀ kékeré. Bí wọn bá wọ̀ sí ilé olówó ńlá ní apá ibòmíràn, sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọkọ̀ lè jẹ gbogbo ìgbádùn tí wọn sanwó fún. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ wà ní ààfin Ẹ́mírì tàbí ní Ọjà-Ọba kò ní ohun tí ó ń wá ní Tanke. Àdúgbò àtijọ́ tí ó yí ààfin ká jẹ́ agboolé lẹ́gbẹ̀ẹ́ agboolé, òtẹ́ẹ̀lì kò sì wọ́pọ̀ níbẹ̀, nítorí náà GRA tàbí agbègbè Post Office ni yóò rọrùn fún un. Lójú tèmi, ilé kékeré tí ó súnmọ́ iṣẹ́ ẹni sàn ju ilé ńlá tí ó jìnnà lọ, àfi bí ó bá jẹ́ pé ìsinmi nìkan ni ènìyàn wá ṣe.

Àkókò náà ṣe pàtàkì. Ní ọ̀sẹ̀ tí Yunifásítì bá ń fi àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde rẹ̀ hàn, àwọn òbí àti ẹbí a máa ya wọ ìlú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní ìgbà Iléyá, nígbà tí àwọn ọmọ ìlú bá ń ti ìdálẹ̀ wálé. Ẹni tí ó bá fẹ́ wá ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀ kí ó gba yàrá sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú.

Wàyí o, ọ̀nà tí a ń gbà béèrè ọ̀rọ̀ wà. Bí ènìyàn bá bi wọ́n lórí tẹlifóònù pé, "Ṣé iná wà?" wọn yóò ní ó wà. Bí ó bá bi wọ́n pé, "Ṣé omi wà?" wọn yóò ní ó ń yọ. Wọn kò purọ́, nítorí pé ó lè wà ní wákàtí tí wọn ń sọ̀rọ̀ náà. Ìbéèrè tí a kò lè fi "bẹ́ẹ̀ ni" dáhùn ni ó dára jù. Ẹ gbọ́ bí ẹnì kan tí ó gbọ́n ti lè ṣe é:

"Ẹ káàárọ̀ o, mà. Èmi àti bàbá mi fẹ́ sùn lọ́dọ̀ yín ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Bí NEPA bá mú iná lọ, aago mélòó lẹ ń tan jẹnẹrétọ̀, aago mélòó lẹ sì ń pa á?"

"Aago méje alẹ́ la ń tàn án, a ó sì pa á ní aago mẹ́fà àárọ̀."

"Ẹ ṣeun, mà. Lọ́sàn-án ńkọ́?"

"Lọ́sàn-án, a kì í tàn án, àyàfi bí àlejò bá pọ̀."

Ó ti gbọ́ ohun tí ó fẹ́ gbọ́. Láti oṣù kejì títí di oṣù kẹrin ọdún, ooru Ìlọrin kì í ṣe kékeré, àlejò tí ó bá sì fẹ́ sinmi ní ọ̀sán láìsí fáànù yóò jìyà. Ẹni tí kì í sí nílé ní ọ̀sán kò ní ìṣòro, ó sì lè gba yàrá náà. Bí a bá mú ọ̀rọ̀ omi wá, kí a béèrè bóyá ẹ̀rọ ni ó ń gbé e dé yàrá tàbí korobá ni wọn fi ń pọn ọ́n lọ.

Ti owó kù. Kí a béèrè bóyá owó orí tí a ń pè ní VAT, tí ó ti jẹ́ 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún láti ọdún 2020, wà nínú iye tí wọn dá, tàbí wọn yóò fi kún un lẹ́yìn. Kí a béèrè bí oúnjẹ àárọ̀ bá wà nínú rẹ̀, àti pé ti ènìyàn mélòó. Àwọn ilé kan a máa gba owó kan dúró tí wọn yóò dá padà bí a kò bá ba nǹkan jẹ́. Kí a gba rìsíìtì rẹ̀. Bí ẹnì kan bá sọ pé kí a san owó yàrá sí orúkọ ara òun, tí kì í ṣe orúkọ òtẹ́ẹ̀lì, kí a má ṣe san án rárá. Àwọn gbájú-ẹ̀ a máa ya àwòrán ilé onílé, wọn a sì máa fi gba owó lọ́wọ́ àlejò tí kò ì dé ìlú rí.

Láti Èkó dé Ìlọrin jẹ́ nǹkan bí 300 kìlómítà, ọkọ̀ sì lè bàjẹ́ lọ́nà. Ó dára kí èrò tètè gbéra ní òwúrọ̀, kí ó lè dé kí ilẹ̀ tó ṣú, kí ó sì ti kọ orúkọ àdúgbò àti ilé náà sínú ìwé fún awakọ̀ tàbí onímárúwá. Tí ó bá dé, kí ó wo yàrá kí ó tó fọwọ́ sí ìwé. Kí ó ṣí ẹ̀rọ omi, kí ó wo kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn. Kò sí ìtìjú nínú èyí. (Ẹni tí ó bá sì lọ kúrò ní Ìlọrin láìjẹ wàrà kò tíì ṣe àlejò dáadáa.)

Ẹni tí ó bá mọ èyí ṣe ní Ìlọrin, ìlú Rohlfs kò ní dà á láàmú púpọ̀. Ẹ jẹ́ kí a mú Frankfurt, ìlú ńlá kan ní Jámánì tí ọkọ̀ òfurufú ń ti Èkó lọ tààrà. Níhìn-ín, ètò ibùwọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ kí àlejò tó gba ìwé àṣẹ ìwọ̀lú, nítorí pé ilé aṣojú Jámánì yóò béèrè ẹ̀rí ibi tí yóò sùn, àti ìwé adójútòfò ìlera tí kò dín ní 30,000 Yúrò. Kò ní béèrè jẹnẹrétọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n kí ó béèrè ẹ̀rọ amúlétutù bí ó bá ń lọ ní ìgbà ooru, nítorí pé ọ̀pọ̀ òtẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ ni kò ní in. Ohun tí Iléyá ń ṣe sí yàrá ní Ìlọrin ni àwọn ọjà àgbáyé ń ṣe ní Frankfurt: ní oṣù kẹwàá ọdọọdún ni ọjà ìwé ńlá máa ń wáyé níbẹ̀, yàrá a sì wọ́n gógó. Àwọn ìlú kan ń gba owó orí lórí oorun àlejò. Berlin ń gba 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó yàrá láti ọdún 2025. Àdúgbò ibùdókọ̀ ojú irin ńlá Frankfurt kún fún òtẹ́ẹ̀lì, àti ilé oúnjẹ àwọn Tọ́kì àti Lárúbáwá tí Mùsùlùmí lè jẹun níbẹ̀ láìbẹ̀rù. Ṣùgbọ́n ariwo rẹ̀ pọ̀ ní òru, kì í sì í ṣe ibi tí ọmọdé ń dá rìn.

Nígbà tí àlejò bá dé, wọn yóò fún un ní ìwé kan kí ó kọ orúkọ rẹ̀, ọjọ́ ìbí rẹ̀ àti orílẹ̀-èdè rẹ̀ sí i, nítorí pé òfin Jámánì ṣì fẹ́ mọ àjèjì tí ó sùn lábẹ́ òrùlé ẹni. Yàrá kì í sábà ṣófo kí ó tó di aago méjì tàbí mẹ́ta ọ̀sán. Bí ó bá tètè dé, kí ó bẹ̀ wọ́n kí wọn bá òun tọ́jú ẹrù. Ní àwọn ilé kékeré, akọ̀wé tí ń gba àlejò a máa lọ sílé ní alẹ́, nítorí náà ẹni tí ọkọ̀ òfurufú rẹ̀ yóò pẹ́ kí ó kọ̀wé ṣáájú béèrè bí òun yóò ti rí kọ́kọ́rọ́ gbà. Bí ó bá sì jẹ́ ọjọ́ Àìkú ni ó dé, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ṣọ́ọ̀bù ìlú yóò ti ilẹ̀kùn; inú ibùdókọ̀ ojú irin ńlá ni yóò ti rí búrẹ́dì àti omi rà.