Ṣé Bioko nìkan ni adágún òkè oníná wà?

ÌBÉÈRÈ: Dùálá ni a ń gbé. Mo fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ wo adágún orí òkè oníná, kí wọ́n sì wẹ omi gbígbóná. Ṣé àfi ká sọdá sí erékùṣù Bioko? (Ìyá Ìbejì)

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Òkè oníná ló bí Bioko lóòótọ́, adágún sì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kí lẹ fẹ́ fi wàhálà físà ṣe? Ẹ gba ọ̀nà Nkongsamba dé Melong, kí ẹ gun ọ̀kadà lọ sórí òkè Manengouba. Pápá gbalasa ni ẹ ó bá lókè, tí màlúù àwọn Fúlàní ń jẹ̀, pẹ̀lú adágún méjì tí wọ́n ń pè ní Obìnrin àti Ọkùnrin: Obìnrin fẹ̀, Ọkùnrin kéré, àwọ̀ omi Ọkùnrin sì dà bí ewé. Àwọn ará ibẹ̀ kì í fẹ́ kí àlejò wọ inú Ọkùnrin. Ẹ má bá wọn jiyàn. Ẹ mú súwẹ́tà dání, òtútù ibẹ̀ kì í ṣe ti Dùálá rárá. Ìlú Bangem ló ni ilẹ̀ náà, rògbòdìyàn sì ti wà ní ẹkùn yẹn láti ọdún 2017, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ béèrè ní Melong bóyá ọ̀nà dára.

Àbí ẹ̀rù irú ohun tó ṣẹlẹ̀ ní adágún Nyos ń bà yín? Lóòótọ́, afẹ́fẹ́ carbon dioxide tó tú jáde nínú adágún yẹn lóru August 21, 1986 pa ènìyàn tó lé ní 1,700. Ṣùgbọ́n Nyos jìnnà síbẹ̀, wọ́n sì ti ri páìpù sínú rẹ̀ láti ọdún 2001 tó ń tú afẹ́fẹ́ náà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ti omi gbígbóná, omi Manengouba tutù ni. Bí ẹ bá wálé fún ọdún, ẹ kó wọn lọ sí Ìkógòsì ní Èkìtì, níbi tí omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti omi tútù ti ń pàdé.