Alternator Tí Wọ́n Ní Ó Ti Kú

Ìbéèrè: Toyota Corolla 2004 ni mo ń wà. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí àmì bátìrì pupa ti ń ṣẹ́jú sí mi nínú dáṣíbọ́ọ̀dù. Bí mo bá tan iná iwájú, ńṣe ló máa ń ṣe bàìbàì. Rewire mi yọ orí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, mọ́tò kú, ó ní alternator ti lọ nìyẹn, kí n wá owó tòkunbọ̀. Mo ní sípánà, mo sì ní mítà. Ṣé mo lè tú u wò fúnra mi? Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, Òṣogbo.

Ìdáhùn: Ẹ lè tú u, sà. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti orí bátìrì tí wọ́n yọ yẹn, torí inú mi kò dùn sí i. Láyé Peugeot 504, bí gbogbo wa ṣe ń dán an wò nìyẹn. Mọ́tò ìgbà yẹn kò ní kọ̀ǹpútà. Bátìrì ló ń gba iná tí alternator ń tú jáde. Bí ẹ bá yọ ọ́ lójijì, iná náà lè fò kọjá 40 volt kó tó balẹ̀, ohun tó bá sì bá lọ́nà ló máa jó. Mo jó kọ̀ǹpútà mọ́tò oníbàárà kan bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fíríìdọ̀mù. Oṣù mẹ́rin ni mo fi san án.

Mítà ni kí ẹ bi. Láàárọ̀, kí ẹ tó ṣáná sí mọ́tò, ẹ wọn bátìrì: èyí tó yó máa ń ka nǹkan bí 12.6 volt. Ẹ ṣáná. Ó yẹ kó gòkè sí 13.8 sí 14.5. Tó bá jókòó sí 12, tó sì ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bátìrì nìkan ló ń gbé mọ́tò. Tó bá kọjá 15, regulator ló ń ṣe wèrè, yóò sè bátìrì yín gbẹ.

Ẹ má tíì tú nǹkan kan o. Ẹ wo bẹ́lìtì bóyá ó ń yọ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, kí iná iwájú wà ní títàn, kí ẹ fi ẹnu mítà kan lé nọ́ọ̀tì ńlá ẹ̀yìn alternator, èkejì lé orí pọ́sítíìfù bátìrì. Tó bá ju 0.3 volt lọ, wáyà tàbí nọ́ọ̀tì tó dípẹtà ló ń jẹ iná yín. Ẹ yí mítà sí AC, kí ẹ wọn bátìrì lẹ́ẹ̀kan sí i: bó bá ju 0.5 lọ, ẹ fura sí dáyọ́ọ̀dù.

Ṣùgbọ́n àmì tó ń ṣẹ́jú báyìí, kábọ́ọ̀nù inú alternator tó ti jẹ ni mo gbà pé ó fà á.

Ẹ pa mọ́tò, kí ẹ sì yọ orí nẹ́gétíìfù bátìrì kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Wáyà ńlá ẹ̀yìn alternator kì í sùn. Láti bátìrì tààrà ló ti ń wá, mọ́tò ìbáà kú. Ẹ fi fóònù ya ọ̀nà tí bẹ́lìtì gbà. Bí ẹ bá gbé alternator sílẹ̀, ìdérí ẹ̀yìn nìkan ni kí ẹ ṣí, ẹ kò nílò láti yọ púlè. Lábẹ́ ìdérí yẹn lẹ ó ti rí ilé kábọ́ọ̀nù. Rúlà tíṣà yín wúlò níbí: tuntun máa ń yọ síta ní 10.5 mm, tó bá ti ku 1.5, ó ti dà bí ṣọ́ọ̀kì tí ọmọ kíláàsì lò tán, kò lè kan òrùka kọ́pà dáadáa mọ́.

Ẹ ra ilé rẹ̀ lódindi. Ẹlòmíràn á ní kí ẹ ra ègé kábọ́ọ̀nù kí òun fi òjé jó o mọ́ ọn. Mo ti ṣe é rí. Ìyọnu rẹ̀ ni pé òjé a máa wọnú wáyà wẹ́wẹ́ ẹ̀yìn kábọ́ọ̀nù, wáyà á gan bí ìgbálẹ̀, kábọ́ọ̀nù ò ní lè tẹ̀lé òrùka bó ṣe ń jẹ.

Kí ẹ tó dá a padà, ẹ wọn òrùka méjèèjì síra wọn: 2 sí 3 ohm ló yẹ. Láti òrùka sí irin àárín, kò gbọdọ̀ ka nǹkan kan. Ẹ fi sáńpépà fẹ́lẹ́ pa dúdú ara wọn rẹ́, kí ẹ sì fọwọ́ yí púlè. Bó bá ń kùn, bearing ti gbó, kí ẹ gbé e fún ẹni tó ní púlà. Ẹ fi ìka ti kábọ́ọ̀nù tuntun wọlé, kí ẹ rọra gbé ilé rẹ̀ jókòó. Bí ẹ bá fi agídí tẹ̀ ẹ́, ó máa ṣẹ́.

Bí wáyà kọ́pà inú alternator bá ti dúdú, tó ń rùn bí ìgbà tí áyọ́ọ̀nù jó aṣọ, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún un wé fún yín. Ìgbà yẹn ni kí ẹ wá tòkunbọ̀, ní ọjà Ládípò l'Ékòó tàbí níbi tó bá sún mọ́ yín. Ẹ gbé ti àtijọ́ dání, kí ẹ fi ẹnu plug wọn wéra, kí ẹ sì ka ojú ìlà púlè kí ẹ tó sanwó.