Ẹ Ti Ẹ̀yìn Ka Ìwé Náà

Ẹ̀yin ọmọ mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba owó oṣù, mo mọ ohun tó máa ń jáde lẹ́nu yín bí wọ́n bá ti dárúkọ adójútòfò ìlera: "Mi ò ní ṣàìsàn o!" Àmín. Ṣùgbọ́n ọ̀kadà tó gbá èèyàn lójú títì kì í dúró dìgbà tí owó oṣù bá wọlé. Bí ó bá dé, ilé ìwòsàn á ní kí ẹ kọ́kọ́ sanwó kalẹ̀, ẹbí á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe ara wọn káàkiri.

Ètò náà fara jọ èsúsú, àfi pé kò sẹ́ni tó ń gbàdúrà kó kan òun. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń dáwó, àwọn tó ṣàìsàn ni wọ́n ń fi tọ́jú. Ìdí nìyẹn tí wọn ò fi fẹ́ ẹni tí oyún rẹ̀ ti pé oṣù mẹ́fà kó tó sáré wá forúkọ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ HMO aládàáni, ìyẹn àwọn ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó adójútòfò ìlera, á ní kí ẹ dúró fún oṣù bíi mélòó kan kí wọ́n tó sanwó ìbímọ, tàbí ti àìsàn tó ti wà lára tẹ́lẹ̀, bí ìtọ̀ ṣúgà. Ìgbà tí ara le ló yẹ kí èèyàn wọ̀ ọ́.

Ọdún 2005 ni ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀, tí wọ́n pè ní NHIS, pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Ní 2022, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin tó sọ NHIS di NHIA, tó sì sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ẹni tó ń gbé Nàìjíríà. Dandan orí ìwé ni o. Ẹ wo àdúgbò yín. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ara yín, ẹ má sọ pé tàwọn oníṣẹ́ ìjọba ni. Àwọn ìpínlẹ̀ náà ní tiwọn: Ìlera Èkó wà l'Ékòó, OYSHIA wà l'Ọ́yọ̀ọ́, télọ̀ àti aláta sì lè wọ̀ ọ́.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fetí sí jù nìyí. Lábẹ́ NHIA, ẹ ó mú ilé ìwòsàn kan tí ẹ ó máa kọ́kọ́ lọ. Iye kan pàtó ni wọ́n ń san fún un lóṣooṣù lórí orúkọ yín, ẹ lọ o, ẹ ò lọ o. Bí ẹ ò bá yọjú, èrè wọn ni. Bí ẹ bá ń lọ léraléra, owó náà ò ní tó wọn. Ibẹ̀ ni ojú tó ń yí padà nígbà tí wọ́n bá rí káàdì ti ń wá, tí oògùn ò fi ní sí, àfi bí ẹ bá yọ owó. Mi ò gbè wọ́n o. Nítorí náà, ẹ má fi ilé gíga yan ilé ìwòsàn. Ẹ lọ jókòó síbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, kí ẹ bi àwọn tó ń lo káàdì léèrè. Bí ẹ bá ti yàn án tí kò tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀.

Bí àìsàn bá ju agbára wọn lọ, wọ́n á kọ̀wé sí ilé ìwòsàn ńlá, HMO á sì fún wọn ní kóòdù àṣẹ. Bí ẹ bá pe HMO nítorí kóòdù náà, ẹ kọ orúkọ ẹni tó dá yín lóhùn sílẹ̀, àti àkókò tí ẹ pè. Ti pàjáwìrì yàtọ̀: òfin ìlera ti 2014 kò gbà kí ilé ìwòsàn kankan lé ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu padà.

Ìwé tí wọ́n bá fún yín, ẹ̀yìn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, níbi tí wọ́n kọ ohun tí wọn ò ní san sí, àti iye tí wọn ò ní kọjá lọ́dún. Lọ́dọ̀ NHIA, ẹ̀yin, ọkọ tàbí aya yín, àti ọmọ mẹ́rin tí kò tíì pé ọdún 18 ló wà níbẹ̀. Bàbá àti ìyá yín ò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn ni ẹ ń fowó oògùn ránṣẹ́ sí jù. Ẹ wá tiwọn lọ́tọ̀, kí ọjọ́ orí tó jẹ́ kí HMO kọ̀ wọ́n.

Ẹni tó ń ta ètò HMO fún yín á máa gbé fóònù kíá. Kí ẹ tó sanwó, ẹ gba nọ́ńbà tí oníbàárà ń pè, kí ẹ pè é ní aago méjì òru.