Tíṣà Ní Kó Tẹ̀síwájú, Ẹ Ní Kí Ló Fẹ́ Fi Ṣe?

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ fẹ́ pa mí lẹ́rìn-ín. Tíṣà pe ọmọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Ìtàn yìí yé ọ, má fi í sílẹ̀, kà á dé yunifásítì." Ọmọ sáré délé tayọ̀tayọ̀. Ìyá rẹ̀ ò tíì sọ igbá gààrí kalẹ̀ tó fi já lù ú: "Ṣé ìtàn là ń jẹ ni?" Ojú ọmọ wálẹ̀.

Mo mọ̀ pé oúnjẹ lẹ ń rò. Èmi náà ta gààrí lọ́jà Ìmẹ̀kọ, mo mọ ohun tí ọmọ ń náni. Àmọ́ àwọn ọmọkùnrin yín tó ń fi ọ̀kadà kó ìrẹsì fàyàwọ́ gba inú igbó lóru, ta ló bi wọ́n ní kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe? Ìgbà tí kọ́sítọ̀ọ̀mù bá gba ọ̀kadà tán lẹ tó ń wá mi wá. Ẹ jẹ́ n fìyẹn sílẹ̀ kí wọ́n má ní mò ń bú èèyàn.

Ìtàn náà ló fi bọ́dà tí wọ́n ń sá gbà kọjá yẹn síbẹ̀. Ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fẹnu kò, wọ́n fàlà: Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀gbọ́n lọ́hùn-ún, àbúrò níhìn-ín. Nígbà tí Faransé ń fipá mú èèyàn ṣiṣẹ́, tí wọ́n tún ń kó ọmọkùnrin lọ sójú ogun, ọ̀pọ̀ ló gbé ẹrù wọn lérí tí wọ́n sá wá sọ́dọ̀ wa. Ẹ wádìí ilé yín wò dáadáa.

Ọmọ Ìmẹ̀kọ níbí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Anthony Aṣíwájú, ọdún 1939 ni wọ́n bí i. Ohun tí gbogbo yín ń fẹsẹ̀ tẹ̀ kọjá ló gbé lọ sí Yunifásítì Ìbàdàn, ó fi gboyè ọ̀mọ̀wé ní 1971. Ìwé rẹ̀ lórí bí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ṣe ṣàkóso ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá jáde ní 1976. Ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Èkó, ìjọba àpapọ̀ sì pè é sí iṣẹ́ ààlà Nàìjíríà. Ṣé ẹ ṣì ní kí ni wọ́n ń fi ìtàn ṣe? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ẹ̀yin tíṣà, ẹ má rò pé mo ti gbàgbé yín. Mo mọ̀ pé nǹkan bí ọdún 2009 ni wọ́n yọ ìtàn kúrò nínú iṣẹ́ àwọn ọmọ kéékèèké, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó dá a padà. Ìyẹn ò ní kẹ́ ẹ máa ka nóòtì, kí ọmọ máa dà á kọ títí agogo á fi lù. Ẹ ní kó lọ bi ìyá àgbà rẹ̀ ta ló sá wá láti Kétu nínú ẹbí wọn, kí ló lé e. Bó bá kọ ọ́ wá, ẹ má kàn fàmì sí i. Ẹ fi bírò pupa kọ ìbéèrè méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí yóò tún lé e padà sọ́dọ̀ ìyá àgbà.

Tó bá sì dùn mọ́ ọn, ẹ má fi mọ sí "kú iṣẹ́". Ẹ sọ fún un pé wọ́n ń kọ́ni ní ìtàn ní yunifásítì tó wà ní Àgọ́-Ìwòyè. Ẹ wo iṣẹ́ tí yóò mú ní WAEC pẹ̀lú rẹ̀ kó tó ra fọ́ọ̀mù JAMB. Bí ìyá rẹ̀ bá ń pariwo, ẹ rán an sí mi lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà. Kí ọmọ náà bá a wá, kó mú bírò dání. Àwọn ẹbí wa tó kù ní Kétu, mo ṣì mọ ojúlé wọn.