Ọkọ Ni Tàbí Ọkọ̀? Ambrose Campbell, Gìtá àti Ohùn Èdè Yorùbá

Kò sí ẹni tó jókòó ní kíláàsì fonọ́lọ́jì Yorùbá tí kò mọ ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀. Láti ọdún àkọ́kọ́ ni olùkọ́ ti ń kọ wọ́n sójú pátákó: re re, re mí, re dò. A ó dà á kọ, a ó yege ìdánwò, ó parí. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò nínú iṣẹ́ yìí ju ti ìdánwò lọ: kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ sí ohùn wọ̀nyí nígbà tí a bá gbé èdè wa wọ inú orin àjèjì? Ẹni tí mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ ni Ambrose Campbell, ọmọ Èkó tó gbé orin Yorùbá lọ bá àwọn oníjáàsì nílùú Lọ́ńdọ̀nù. Tí a bá ń ka orúkọ Fẹlá, Ebenezer Obey àti King Sunny Adé, a kì í sábà dé orí tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó ti ń ṣe é kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Ìgbésí ayé rẹ̀

Ọládípúpọ̀ Adékọ̀yà Campbell ni orúkọ rẹ̀. Èkó ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1919, nínú ìdílé onígbàgbọ́. Ó wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ, ṣùgbọ́n orin ẹlẹ́mu tí àwọn atukọ̀ àti òṣìṣẹ́ èbúté ń ta gìtá sí ló wọ̀ ọ́ lára jù. Yíyọ́ ló ń yọ́ lọ bá wọn, nítorí lójú ọ̀pọ̀ òbí ìgbà náà, onígìtá àti ọ̀mùtí kò yàtọ̀ síra. Ó kọ́ṣẹ́ ìtẹ̀wé, ó sì ń bá ẹgbẹ́ Jolly Boys kọrin.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó wọ iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi, ó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì dúró síbẹ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù ni òun àti Brewster Hughes, ọmọ Nàìjíríà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó mọ gìtá ta dáadáa, ti dá ẹgbẹ́ West African Rhythm Brothers sílẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1945, nígbà tí ogun parí ní Yúróòpù tí gbogbo ìlú tú síta láti yọ̀, àwọn náà gbé gìtá àti ìlù wọn bọ́ sí ìta ní Piccadilly. Ní 1946, wọ́n ń lu ìlù fún Les Ballets Nègres, ẹgbẹ́ oníjó àwọn aláwọ̀ dúdú tí Berto Pasuka, ọmọ Jàmáíkà, dá sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù fún ilé-iṣẹ́ Melodisc, wọ́n sì ń ṣeré ní Abalabi, ilé fàájì kan ní Soho.

Soho yìí gan-an ni ojúbọ jáàsì ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn onífèrè àti onílù òyìnbó ń wá gbọ́ wọn, àwọn onífèrè láti erékùṣù Kàríbíà sì ń bá wọn ṣeré. Báyìí ni fèrè jáàsì, gìtá ẹlẹ́mu àti ìlù Èkó ṣe jókòó sójú kan náà, tí wọ́n sì ń fi Yorùbá kọrin.

Ní 1972, Campbell bá olórin Amẹ́ríkà náà, Leon Russell, lọ sí Amẹ́ríkà. Ó lo ọ̀pọ̀ ọdún ní Nashville kó tó padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìlú Plymouth ló kú sí ní 2006. Ọdún yẹn náà ni ilé-iṣẹ́ Honest Jon's tún àwọn orin rẹ̀ àtijọ́ gbé jáde nínú àwo London Is the Place for Me 3.

Ìṣòro tó wà nínú orin ìyìn

Ọ̀nà méjì ni Campbell lè gbà kọrin. Ó gbọ́ ọ̀nà kìíní ní ṣọ́ọ̀ṣì: kí a gbé ohùn orin òyìnbó kalẹ̀, kí a sì to ọ̀rọ̀ Yorùbá sórí rẹ̀. Ẹni tó ṣe ohùn orin náà kò ro ti Yorùbá mọ́ ọn. Ẹ wo gbólóhùn yìí: Ọkọ̀ mi dé. Re dò re mí ni. Tí ohùn orin bá dúró lójú kan lẹ́ẹ̀mẹta kó tó gòkè, ó di re re re mí: Ọkọ mi dé. Arábìnrin tó ń dúpẹ́ fún mọ́tò tuntun ti di ẹni tó ń dúpẹ́ fún ọkọ ìyàwó.

Àwọn kan ti rí ìṣòro yìí ṣáájú. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, bàbá bàbá Fẹlá, ń ṣe orin ìyìn tó ń tẹ̀lé ohùn èdè, ó sì kọ ọ̀pọ̀ nínú wọn sínú rẹ́kọ́ọ̀dù Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922. Ọ̀nà kejì nìyí: kí èdè máa darí orin. Orin ẹlẹ́mu àti jùjú Èkó náà gba ọ̀nà yìí.

Kí ni gìtá lè ṣe?

Àkọ́kọ́, gìtá kò nílò kó di dò, re àti mí mẹ́ta pére mú. Ohùn èdè kì í ṣe ibì kan pàtó. Ohun tó ṣe kókó ni bóyá sílébù tó kàn ga ju èyí tó ṣáájú tàbí ó rẹlẹ̀ sí i. Bí gìtá bá ti gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti gòkè, tó sì sọ̀ níbi tó ti sọ̀, etí Yorùbá yóò gbà á. Ìdí nìyí tí onígìtá fi ní àyè láti dárà bíi ti àwọn oníjáàsì láì ba ọ̀rọ̀ jẹ́.

Èkejì, ohùn wa ń yọ̀. Tí a bá pe ìwé, ohùn òkè yẹn kì í fò sókè. Ṣe ló ń gun òkè. Tí a bá pe rárà, ohùn ìsàlẹ̀ ń yọ̀ wálẹ̀. Onígángan ń fún ọṣán láti ṣe èyí. Dùùrù kò lè ṣe é, ṣùgbọ́n onígìtá lè fi ìka ti okùn, tàbí kó fi ìka yọ̀ lórí rẹ̀. Ohun tí àwọn onígìtá jáàsì àti búlúùsì náà ń ṣe nìyẹn. Lójú tèmi, ibi tí orin méjèèjì ti pàdé gan-an nìyí, ju aṣọ tàbí fèrè lọ. King Sunny Adé tún mú un lọ síwájú nígbà tó mú gìtá onírin wọ jùjú. Ẹ gbọ́ àwo rẹ̀, Juju Music, ti 1982.

Ẹ̀kẹta, gìtá kò ní kọ́ńsónáǹtì. Re dò re mí lè jẹ́ Ọkọ̀ mi dé, ó lè jẹ́ Ẹrù mi dé, ó sì lè jẹ́ Ọjà mi tán. Nítorí náà, olórin ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kí gìtá tó tún un sọ. Ìpè àti ìdáhùn yìí kì í ṣe ẹwà lásán. Òun ló ń jẹ́ kí a mọ ohun tí okùn ń wí.

Kí ló kàn wá níbẹ̀?

A ń ka ìwé àti ewì, a ń tú wọn palẹ̀, ṣùgbọ́n a kì í ka rẹ́kọ́ọ̀dù sí ẹ̀rí. Bẹ́ẹ̀ ohùn tí àwọn ará Èkó fi ń sọ̀rọ̀ ní ohun tó lé ní àádọ́rin ọdún sẹ́yìn wà nínú wọn, èyí tí àmì orí ìwé kò lè gbé tán. Agbègbè Pápá Àjàó níbí kò jìnnà sí Agége Mọ́tọ̀ Róòdù níbi tí ilé Fẹlá, Kàlàkútà, wà kí àwọn ṣójà tó jó o ní 1977. Ọ̀pọ̀ àgbà tó jó sí orin wọ̀nyí ṣì ń bẹ láàárín wa, rẹ́kọ́ọ̀dù wọn sì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tí ooru àti eku ń bá jà. Tí àgbà bá lọ, ọmọ á kó o fún ẹni tó ń ra àlòkù. Òyìnbó ló tún ti Campbell gbé jáde. Ta ni yóò gbé ti àwọn tí kò kúrò ní Mushin rí jáde?

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá àkòrí iṣẹ́ àpilẹ̀kọ, ẹ mú orin kan ṣoṣo. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn, ẹ fi ọfà kọ ibi tí orin ti gòkè tàbí tó ti sọ̀, kí ẹ wá ka iye ibi tí méjèèjì ti bára mu àti ibi tí wọn kò ti bára mu. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde wa tí rẹ́kọ́ọ̀dù àwọn òbí yín ṣì wà nílé, ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó kó o síta, ẹ fi fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì bèèrè lọ́wọ́ àgbà tó ni ín ohun tí gìtá yẹn ń sọ.