Ilé La Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde

Àwọn àgbà ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Mo mú òwe yìí ṣíwájú nítorí ìwọ ọ̀dọ́ tó ń gbé ní Ìyànà-Ìbà, tó ní ìròyìn orin lòun fẹ́ fi jẹun, tí kò sì sí ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn kankan tó ń san owó oṣù fún ọ. Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, Lekki àti Victoria Island ló máa ń kọjú sí. Wọ́n á fẹ́ fọ̀rọ̀ wá Wizkid lẹ́nu wò. Wọ́n á fẹ́ kọ èrò wọn nípa àwo orin Burna Boy, èyí tí àwọn akọ̀ròyìn London àti New York ti gbọ́, tí wọ́n sì ti kọ tiwọn kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Kí ni olóòtú máa rí nínú tìrẹ tí kò sí nínú tiwọn? Bẹ́ẹ̀, ohun tí apá àwọn yẹn kò ká wà lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ.

Àbúrò, wo àyíká rẹ dáadáa. Ọjà Àlàbá tó wà ní Ọ̀jọ́ yìí, àwọn èèyàn mọ̀ ọ́n fún tẹlifíṣọ̀n àti ẹ̀rọ amóhùndún-gbẹmu, àmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ibẹ̀ náà ni kásẹ́ẹ̀tì àti síídì orin ti ń gbéra lọ sí gbogbo orílẹ̀-èdè yìí. Ojúlówó ń jáde níbẹ̀, ayédèrú náà ń jáde. Àwọn DJ Àlàbá á kó orin oríṣiríṣi sínú síídì kan, wọ́n á máa pe orúkọ ara wọn láàárín orin, àwọn awakọ̀ á sì máa lù ú láti Ìyànà-Ìbà dé Mile 2. Ọ̀pọ̀ orin ló jẹ́ pé inú dánfó lèrò ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ní báyìí tó jẹ́ pé orí fóònù ni tọmọdé tàgbà ti ń gbọ́ orin, kí ni àwọn DJ yẹn ń ṣe? Ta ló ṣì tọ́jú àwọn síídì àtijọ́? Ọ̀nà wo lolórin tí kò lówó fi ń wọ inú àkójọ wọn? Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mélòó kan ti wà níbẹ̀ yẹn, owó ọkọ̀ rẹ̀ kò sì tó nǹkan.

Kò tán síbẹ̀. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, LASU, ti wà ní Ọ̀jọ́ láti 1983, ó sì ní ilé iṣẹ́ rédíò tirẹ̀. Olórin Bella Shmurda, Okokomaiko ló ti dàgbà, LASU náà ló sì wọ̀. Kí Olamide tó bá a kọ “Vision 2020” ní àtúnkọ, tí orin náà sì gba ìgboro kan, ọmọ àdúgbò ni. Ẹni tó bá wà ní Okokomaiko nígbà náà tó ń tẹ́tí sílẹ̀ ni ì bá kọ́kọ́ gbé ìròyìn rẹ̀ jáde, kì í ṣe ẹni tó jókòó sí Lekki. Bí o bá tún gba òpópónà Badagry lọ síwájú, wàá bá àwọn Ègùn àti ìlù Sàtò wọn. Ìbà àti Ọ̀jọ́ fúnra wọn, ìlú Àwórì ni wọ́n, níbi tí fújì ti ń dún lọ́jọ́ Sátidé lẹ́yìn ìgbéyàwó àti òkú àgbà. Ẹni tó bá fara balẹ̀ kọ nípa ojú ọ̀nà kan ṣoṣo yìí fún ọdún méjì, òun ni gbogbo olóòtú á máa wá bí ọ̀rọ̀ ibẹ̀ bá délẹ̀.

Ibi pẹlẹbẹ la ti ń mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ. Má fi ìwé ńlá bẹ̀rẹ̀. Ìròyìn kúkúrú lórí ẹgbẹ́ akọrin ìjọ kan, lórí ọmọkùnrin kan tó sọ yàrá rẹ̀ di sítúdíò ní Ìbà, ó tó bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí o tó kọ, gbọ́. Bí òwe bí òwe là ń lu ìlù àgídìgbo, ọlọ́gbọ́n ló ń jó o, ọ̀mọ̀ràn ló ń mọ̀ ọ́n. Mo ń ka ìròyìn orin lójoojúmọ́, ohun tó ń dùn mí jù ni pé ọ̀pọ̀ akọ̀ròyìn kì í sọ ohun tí etí wọn gbọ́. Wọ́n á kọ pé “orin náà dùn gan-an, ó mú orí ẹni wú”, wọ́n á sì dánu dúró. Kí ló dùn níbẹ̀? Ká ní òde fújì kan lo lọ ní Ìbà. Kọ ọ́ sílẹ̀ pé lẹ́yìn tí olórin ti ki baba olóde tán, gbogbo ìlù dákẹ́, onídùndún nìkan ló ń sọ̀rọ̀, àwọn àgbà bíi mẹ́ta sì bú sẹ́rìn-ín nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ ń wojú ara wọn. Lẹ́yìn òde, wá onídùndún náà lọ, kí i dáadáa, kí o bi í pé, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fi ìlù sọ nígbà yẹn?” Ohun tó bá sọ fún ọ, ìròyìn nìyẹn. Kò sí ẹ̀rọ kankan tó lè gbọ́ ọ bá ọ, òǹkàwé tó bá rí i nínú iṣẹ́ rẹ kò ní gbàgbé orúkọ rẹ.

Kí o sì mọ orúkọ onídùndún náà. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ti akọsílẹ̀ tún burú jù ú lọ, nítorí íntánẹ́ẹ̀tì kì í gbàgbé. Béèrè bí olórin ṣe ń kọ orúkọ ara rẹ̀, kí o jẹ́ kó tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù rẹ fúnra rẹ̀. Béèrè ẹni tó ṣe orin náà, ẹni tó lu gìtá, ọdún tí wọ́n ká a sílẹ̀. Bí ẹni méjì bá sọ ohun tó yàtọ̀ síra, wá ẹnì kẹta. Ohùn tí o bá gbà sórí fóònù, fi ẹ̀dà rẹ̀ pa mọ́ síbòmíràn lọ́jọ́ náà gan-an, torí fóònù lè bọ́ sọ́wọ́ àwọn jáwójáwó ní Ìyànà-Ìbà kí o tó délé. Àwọn ohùn wọ̀nyẹn á níye lórí lọ́jọ́ iwájú. Àyìnlá Ọmọwúrà, olórin àpàlà, kú ní Abẹ́òkúta ní 1980. 2020 ni Festus Adedayo tó gbé ìwé ńlá jáde lórí ìgbésí ayé rẹ̀. Ogójì ọdún! Rò ó wò, iye ẹlẹ́rìí tó ti kú láàárín àkókò yẹn. Àwọn onílù àpàlà àti sákárà tó ti darúgbó wà ní agbègbè rẹ báyìí. Má jẹ́ kí wọ́n di olóògbé kí o tó lọ bi wọ́n léèrè.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ayọ̀ Animashaun dá ìwé ìròyìn Hip Hop World sílẹ̀ ní 1995, nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò ka ọ̀rọ̀ orin ọ̀dọ́ sí. Inú ìwé ìròyìn yẹn ni ayẹyẹ àmì ẹ̀yẹ tí à ń pè ní Headies ti jáde ní 2006. Ayẹni Adékúnlé kọ̀wé nípa olórin títí tó fi dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Joey Akan kúrò ní ilé iṣẹ́ ìròyìn Pulse, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi lẹ́tà Afrobeats Intelligence ránṣẹ́ tààrà sí àwọn òǹkàwé rẹ̀. Mi ò ní kí o ṣe bíi ti ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló ti kọ̀wé púpọ̀ kí owó tó dé.

Èyí gbé mi dé ibi tó gbẹgẹ́ jù. Ẹnu tó jẹ dòdò kò lè sọ òdodo. Lọ́jọ́ tí o bá kọ́kọ́ lọ síbi tí olórin ti ń ṣe àwo tuntun, ẹnì kan á fà ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á na ápòòwé sí ọ, á ní owó mọ́tò ni. Kò ní pè é ní ẹ̀gúnjẹ. Mo mọ̀ pé ebi lè máa pa ọ́, mo mọ iye tí wọ́n ń gbà láti Ìyànà-Ìbà dé Island àti àbọ̀. Síbẹ̀, dá a padà pẹ̀lú ọ̀wọ̀: “Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n, olóòtú mi ò fàyè gbà á.” Lọ́jọ́ tí o bá gbà á, wàá ti di ẹni tí wọ́n ń rán. Bí olórin bá fẹ́ kí o kọ ìtàn ara òun fún un, tó sì fẹ́ sanwó, iṣẹ́ tó mọ́ ni, gbà á. Ohun tí kò dáa ni kí o gba owó yẹn tán, kí o tún wá jókòó sínú ìwé ìròyìn bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí, kí o máa yin orin rẹ̀. Benson Idonije ni mánẹ́jà àkọ́kọ́ tí Fẹlá ní, ó ṣiṣẹ́ rédíò, ó kọ̀wé nípa orin nínú The Guardian fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì gbé ìwé jáde lórí Fẹlá ní 2016. Gbogbo ayé ló mọ ibi tó dúró sí, kò fi pa mọ́ fún òǹkàwé. Ìwọ náà, bí àjọṣe kan bá wà, sọ fún olóòtú kó tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ.

Ọ̀rọ̀ olóòtú: lẹ́tà púpọ̀ ló ń wọlé fún un, má kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ sí i. Irú èyí tó:

“Ẹ káàárọ̀, mà. Ìyànà-Ìbà ni mò ń gbé. Mo fẹ́ kọ ìròyìn tó tó ẹgbẹ̀rún kan ọ̀rọ̀ nípa àwọn DJ Àlàbá tó máa ń kó orin jọ sínú síídì, àti ohun tí wọ́n fi ń jẹun báyìí. Mo ti bá mẹ́ta nínú wọn sọ̀rọ̀. Ọ̀kan ṣì ní àwọn síídì tó ti lé lọ́dún mẹ́wàá, ó sì gbà kí n yà wọ́n ní fọ́tò. Ó lè tó yín lọ́wọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Iṣẹ́ mi méjì tó ti jáde wà nísàlẹ̀. Ẹ ṣeun, mà.”

Ó ti sọ ohun tó ní lọ́wọ́, ó ti sọ ìgbà tó máa dé. Bí olóòtú bá dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, rán an létí lẹ́ẹ̀kan. Bó bá ṣì dákẹ́, gbé e lọ síbòmíràn.

Tí wọ́n bá gbà á, sọ̀rọ̀ owó kí o tó kọ gbólóhùn kan. Bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n. Èló ni? Ìgbà wo ni wọ́n máa san án, ṣé tí iṣẹ́ bá dé ọwọ́ wọn ni àbí tó bá jáde? Ṣé owó fọ́tò wà lọ́tọ̀? Ṣé mo lè kọ ọ́ ní Yorùbá fún ìwé ìròyìn mìíràn? Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ṣe pàtàkì fún ọmọ Yorùbá. Ìwé ìròyìn bí Aláròyé, tó ti ń jáde láti 1996, ní òǹkàwé tí kì í ka ti Gẹ̀ẹ́sì rárá, àwọn gan-an ló sì mọ fújì dunjú. Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kan lè tipa bẹ́ẹ̀ mú owó wọlé lẹ́ẹ̀mejì, bí àdéhùn bá gbà á. Ohun tí ẹ bá jọ fẹnu kò sí, kọ ọ́ ránṣẹ́ kó lè wà nílẹ̀. Títí ìgbà tí owó yẹn á fi máa wọlé déédéé, má fi iṣẹ́ tó ń bọ́ ọ sílẹ̀; ẹni tó ń ṣe POS lọ́sàn-án lè kọ ìròyìn lálẹ́, kò sí àbùkù níbẹ̀.

Ti òde alẹ́ ńkọ́? Rélùwéè tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2023 láti Marina dé Mile 2 wúlò lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n òde orin tó bá tú ní aago méjì òru kò ní bá a. Wá ibi tí wàá sùn sí kí o tó kúrò nílé, àbí kí o má lọ.

Nígbà tí iṣẹ́ bá jáde, fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tí kò ní fóònù tó lè ṣí i, tẹ̀ ẹ́ sórí bébà ní ilé ìtẹ̀wé kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì LASU, kí o fẹsẹ̀ ara rẹ gbé e lọ fún un. Jókòó kó kà á, tàbí kí o kà á sí i létí. Bó bá ní ibì kan kò rí bẹ́ẹ̀, má jà, ṣàyẹ̀wò ohùn tí o gbà sílẹ̀. Bó bá jẹ́ pé òun ló tọ̀nà, tẹ olóòtú láago lọ́jọ́ náà kí wọ́n tún un ṣe, kí o sì pe onítọ̀hún padà láti sọ fún un pé wọ́n ti tún un ṣe.